Àsíá Tí A Kò Bò Lórí Afárá Rabenitz

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1945, ni afárá odò Rabenitz fọ́ sínú omi. Èyí dájú. Àwọn ará Jámánì tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn odò náà sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà tó dé etí odò kí ilẹ̀ tó ṣú náà sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn tiwọn. Ohun tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ ni ẹni tó jẹ̀bi. Ní Holtrup, ìlú kékeré tí àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ ogun Jámánì tó gba ibẹ̀ kọjá sá wá tẹ̀dó sí, kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn. Gbogbo wọn gbà pé Ewald Trettin ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ wàrà ni Ewald ń wà ní Holtrup. Láràárọ̀ ni ó ń lọ láti oko dé oko, tí ó ń gbé agolo wàrà ńláńlá tó kún sókè sínú ọkọ̀, tí ó sì ń gbé èyí tó ṣófo kalẹ̀. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, eékún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bó bá jí láàárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Oko tó le jù fún un ni èyí tí Irmtraut Labahn ti ń fún wàrà màlúù. Abúlé kan náà ni òun àti obìnrin yìí ti wá, lọ́hùn-ún ní Pomerania kí ogun tó lé gbogbo wọn kúrò. Wọ́n jọ jó níbi ìgbéyàwó ara wọn. Ṣùgbọ́n Reinhold, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó há sí ìhà kejì odò nígbà tí afárá fọ́, ó sì kú ní ìgbèkùn ní Rọ́ṣíà nígbà òtútù ọdún kejì. Láti ìgbà tí ìròyìn ikú náà ti dé, Irmtraut kò kí Ewald mọ́. Á gbé agolo rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á kọjú sí ògiri, á dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ á fi lọ. Ewald á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyáàfin Labahn." Màlúù nìkan ló máa ń dá a lóhùn.

Ọkọ̀ ọ̀gágun kan ni Ewald ń wà nígbà ogun. Ní iwájú ọkọ̀ náà, ní apá òsì, àsíá kékeré onígun mẹ́ta kan wà lórí ọ̀pá irin. Bí ọ̀gágun bá wà nínú ọkọ̀, àsíá á ṣí sílẹ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ fi àpò awọ kan bò ó kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Òfin ni. Àsíá tó ṣí sílẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀gá wà nínú ọkọ̀: àwọn ọmọ ogun á nà ró gbandi, ọlọ́pàá ológun á lé kẹ̀kẹ́ ẹrù kúrò lójú ọ̀nà. Èyí tí a bò, mọ́tò lásán ni. Ọwọ́ Ewald mọ iṣẹ́ yìí débi pé bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wàrà lónìí, ọwọ́ náà á kọ́kọ́ nà síwájú, síbi tí kò sí nǹkan kan.

Leberecht von Quassow ni orúkọ ọ̀gágun náà. Ọmọ ilé ọlá tí owó ti tán níbẹ̀ ni. Ó wọ iṣẹ́ ogun ní 1914, nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, ọta ìbọn sì gba èjìká rẹ̀ kọjá ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí ogun náà parí, ó wà ní ipò kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ológun tí kò rógun jà dà bí apẹja tí odò gbẹ mọ́ lójú. Ogun kejì ló ṣí ọ̀nà fún un. Ọdún 1940, ní Faransé, ni Ewald bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tí ibà pọ́njú mú dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní Rọ́ṣíà, wọ́n sọ von Quassow di ọ̀gágun, wọ́n ran aṣọ pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ní 1944, wọ́n tún gbé e ga. Ewald, tó ń wo gbogbo rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀, ṣàkíyèsí ohun kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bí oyè ọ̀gá rẹ̀ ti ń ga sí i ni àwọn ọmọ ogun tó ń tẹ̀ lé e ń dín kù sí i. Nígbà tí oyè náà dé òkè, àwọn tó ṣẹ́ kù kò lè kún pápá bọ́ọ̀lù kan.

Ìtàn nípa ọ̀gágun yìí pọ̀ ní Holtrup. Wọ́n ní inú ìkòkò kan náà ni òun àtàwọn ọmọ ogun ti ń jẹun. Ewald ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un; ìkòkò kan náà kọ́. Wọ́n ní kì í tẹrí ba fún ọta ìbọn. Bóyá. Ẹni tí wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, kó lè tètè sá, kò nílò àtitẹrí ba púpọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé nígbà tí ìyá Ewald kú, ní àsìkò tí wọn kì í yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni láti lọ sílé, von Quassow yọ̀ǹda rẹ̀ kó lọ sin ín, ó sì fi ìgò ọtí líle kan ránṣẹ́ sí àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀. Ewald kò gbàgbé èyí. Òótọ́ sì tún ni pé ní 1943, nígbà tí wọ́n ń dáná sun àwọn abúlé Rọ́ṣíà tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń ran àwọn jagunjagun inú igbó lọ́wọ́, tí àwọn ènìyàn ṣì wà nínú òmíràn nínú àwọn ilé náà, àṣẹ ọ̀gágun ni. Ọkọ̀ wọn kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan. Ọ̀gágun ní, "Trettin, gbé dígí yẹn sókè, èéfín ń wọlé." Ewald gbé e sókè. Kò bi í ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kò sì bi í lọ́jọ́ mìíràn.

Nígbà tí 1945 fi máa wọlé, wọ́n ti ń sá padà sílé. Afárá Rabenitz nìkan ló kù tí wọ́n lè gbà kọjá. Àwọn tó ń fọ́ afárá ti so àdó olóró mọ́ ọn nísàlẹ̀, Heino Pagenkopf tó jẹ́ sájẹ́ǹtì wọn sì jókòó ti ọwọ́ irin tí yóò tẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó bú. Àṣẹ tí wọ́n fún un kò gùn: ọ̀gágun ni yóò kọjá kẹ́yìn; bí ọkọ̀ ọ̀gágun bá ti kọjá, kó fọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọ̀gágun dúró sẹ́bàá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlà-oòrùn odò. Ó ti ní kí wọ́n kó àwọn àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀: abọ́ fàdákà ìyá rẹ̀, àwòrán àwọn baba ńlá rẹ̀, títí tí ẹrù fi dí dígí ẹ̀yìn pa. Ó ní kí Ewald kó wọn kọjá, kó já wọn sílẹ̀, kó padà wá gbé òun. Ewald na ọwọ́ sí àpò awọ.

"Má bò ó," ni ọ̀gágun wí.

"Ọ̀gágun, ẹ ò sí nínú ọkọ̀."

"Mo mọ ibi tí mo wà. Tí o bá bò ó, àwọn ọlọ́pàá á dá ọ dúró sáàárín àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ, kí o tètè padà."

"Ọ̀gágun, òfin ní—"

"Trettin, ta ni òfin níbí?"

Bí Ewald ti sọ ọ́ nìyẹn. Igbákejì ọ̀gágun tó dúró tì wọ́n gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni náà kò ti ìgbèkùn bọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo la ní. Ohun tó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Àsíá ń fẹ́, ọ̀nà là. Pagenkopf kí àsíá náà bó ti yẹ, ó dúró kí ọkọ̀ gun òkè ní ìhà kejì odò, ó sì tẹ ọwọ́ irin. Ewald kò tíì rí ibi tí yóò ti yí ọkọ̀ padà nígbà tó gbọ́ ìró náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó lé ní igba ọkùnrin tó há sí ìhà kejì, ọ̀gágun sì wà láàárín wọn.

Láàárín ọdún kan, ìtàn méjì ti délé. Èkíní ni pé ọ̀gágun mọ̀ọ́mọ̀ rán ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí òun lè dúró ti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Èkejì ni pé dírẹ́bà gbàgbé láti bo àsíá. Ìtàn méjèèjì kò lè gbé inú ilé kan: bí ọ̀gá bá ti pinnu láti dúró, kí ni gbígbàgbé dírẹ́bà tún bà jẹ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Àwọn opó mú èkíní fún ìtùnú, wọ́n mú èkejì fún ìbínú.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ewald gbìyànjú láti sọ tẹnu rẹ̀, ní ilé ọtí tí Pagenkopf ṣí sí Holtrup lẹ́yìn ogun. Pagenkopf na ìka sí i lójú gbogbo ènìyàn.

"Èmi rí àsíá," ó ní, "mo tẹ irin. Àsíá kì í purọ́, ẹni tó wà á ló ń purọ́. Ẹni tó wà nínú yìnyín Rọ́ṣíà, tí kò lè fèsì, òun lo fẹ́ fi bo ara rẹ? Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́!"

Ewald rò ó pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà: a kì í rojọ́ ẹni tó wà ní ìgbèkùn lẹ́yìn rẹ̀. Yóò dúró dè é. Bí ọ̀gágun bá dé, gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ yóò tó.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ti dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún von Quassow nítorí àwọn abúlé tó jóná. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, ìjọba Jámánì àti ti Rọ́ṣíà ti bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìkẹyìn padà. Ìyàwó Ewald, Alwine, ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà nínú rédíò.

"Ewald, wọ́n ti dárúkọ rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o wá jókòó síbẹ̀ bí àpò pòtétò?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀! Ìlú kejì ni mo ti ń lọ ra búrẹ́dì láti ọjọ́ yìí, nítorí ẹnu àwọn obìnrin ibí. Ṣé ẹsẹ̀ tèmi kì í dùn mí ni? Kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Gbólóhùn kan péré. Mi ò ní kó fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn."

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Pagenkopf fúnra rẹ̀ wá sílé wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun àtijọ́ fẹ́ gba ọ̀gágun lálejò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òun sì ni alága. Ìjọba ń dá ẹgbẹ́ ogun tuntun sílẹ̀, wọ́n ń wá àwọn orúkọ tí kò lábàwọ́n, Pagenkopf sì gbà pé ọ̀gágun kan wà lọ́wọ́ òun. Kò jókòó.

"Ó ní ìwọ ni kó wá gbé òun ní ibùdókọ̀ ojú irin. Má bi mí léèrè ìdí. Ọkọ̀ mi lo máa lò. Jọ̀ọ́, fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, kí àga mi má lọ rùn wàrà."

Alwine ní, "Wàrà ni wọ́n fi tọ́ ìwọ náà dàgbà, Heino."

Inú Alwine dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ sẹ́ni lójú agbo kì í kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe onítọ̀hún. Ewald fẹ́ gbà á gbọ́. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kéré sí ẹni tí Ewald mọ̀. Ẹ̀wù òtútù tí wọ́n fún un ní ibùdó àwọn tó ń bọ̀ wálé tóbi jù ú lọ, eyín iwájú rẹ̀ kò sí mọ́. Ó jókòó sẹ́yìn, ní apá ọ̀tún, bíi ti àtijọ́.

"O ti hewú, Trettin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gágun."

"Wọ́n ní wàrà lò ń gbé kiri báyìí."

"Wàrà ni, Ọ̀gágun. Kì í ráhùn."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà wa nǹkan lọ́hùn-ún. Bárò tó kún fún bíríkì. Mo wà á dáadáa, mi ò kọlu ẹnikẹ́ni rí."

Òjò ń ṣẹ́ lórí oko tí wọ́n ti kórè. Ewald di irin ìwakọ̀ mú le.

"Ọ̀gágun, ẹ rántí afárá yẹn?"

"Ìrántí nìkan ni iṣẹ́ tí mo fínnúfíndọ̀ ṣe lọ́hùn-ún."

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni."

"Rárá o." Ohùn ọ̀gágun kò ga, ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́. "Trettin, mo rí àwọn ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń kú. Ohun tó mú àwọn kan dìde láàárọ̀ ni pé wọ́n gbà pé mo lè lọ, mo sì dúró. Mi ò sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn ló sọ ọ́ fúnra wọn. Mi ò kàn ta kò ó ni. Àwọn ìyàwó wọn ló wà nínú ilé ọtí yẹn. Bí mo bá gba èyí lọ́wọ́ wọn, kí ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Àpótí abọ́?"

"Èmi ńkọ́, Ọ̀gágun?"

"Ìwọ sùn nílé rẹ láti ọdún mẹ́wàá."

Ewald wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ilé náà kún. Ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín ń rú èéfín lórí tábìlì; àwọn opó jókòó papọ̀ sítòsí ààrò, Irmtraut Labahn wà láàárín wọn nínú aṣọ dúdú. Nígbà tí ọ̀gágun wọlé, gbogbo wọn dìde, àwọn obìnrin kan sunkún. Alwine ti gba àyè sílẹ̀ fún Ewald lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó fi ojú bi í léèrè. Ewald mi orí. Ó rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìyà tó kù, ìyẹn sì ti mọ́ ọn lára.

Wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ nígbà tí ọ̀gágun dìde. Ó dúpẹ́. Ó dárúkọ àwọn òkú kan, tí àwọn opó wọn sì gbọ́ orúkọ náà láti ẹnu rẹ̀. Ó ní òun kò ní ìgboyà ju ẹnikẹ́ni lọ, pé ibi tí ọmọ ogun bá wà ni ọ̀gá wọn ń wà. Lẹ́yìn náà ó wo apá ilẹ̀kùn.

"Ẹnì kan wà níbí," ó ní, "tí ẹ ti fi ojú burúkú wò fún ọdún pípẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ gbogbo wa. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ lè gbàgbé. Trettin, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn náà dárí jì ọ́."

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Àwọn ọkùnrin ń lu tábìlì. Pagenkopf gbé ife bíà tó ń hó wá, ó gbé e síwájú Ewald, ó sì gbá a lẹ́yìn.

"Mu ún, Trettin! Lọ́wọ́ mi ni. Àbí o ò rí irú ọ̀gá tá a ní? Ọdún mẹ́wàá nínú yìnyín, kò sì dì ọ́ sínú!"

Alwine ti dìde. "Irọ́ ni! Òun gan-an ló ní—"

"Jókòó," ni Ewald wí.

"N ò ní jókòó!"

"Alwine, ó ti rẹ̀ mí."

Ariwo àtẹ́wọ́ bo ohùn obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wo ilé tó ń wó, ó sì lọ wá ẹ̀wù wọn láàárín ẹ̀wù àwọn ènìyàn. Ewald fi bíà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde sí àgbàlá.

Òjò ti dá. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fọwọ́ ra eékún rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ni ó gbójú sókè, Irmtraut Labahn sì dúró níwájú rẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé láti fi í sílẹ̀.

"Òun ló ní kí o má bò ó, àbí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ìgbà tí Reinhold ti kú nìyẹn. Ewald ní, "Òun ni."

"Mo mọ̀. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ ni. Ẹni tí a ṣẹ̀ ní tòótọ́ kì í dárí jini kí ọbẹ̀ tó tutù. Èmi tí mo rò pé o ṣẹ̀ mí, ojoojúmọ́ ni mò ń gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí o bá wá gbé wàrà. Mi ò rí i ṣe rí." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Àwọn àpótí rẹ̀ ni. Abọ́ fàdákà, àwòrán."

"Abọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyáàfin Labahn."

Ewald dúró kí ohun tó ti ń retí láti ọdún wọ̀nyí dé: kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, kí àyà rẹ̀ fúyẹ́. Ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹni tó ṣe pàtàkì jù. Eékún rẹ̀ ló ń dùn ún síbẹ̀. Nínú ilé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin.

Irmtraut fa aṣọ orí rẹ̀ síwájú.

"Nígbà tí mo wọ ilé yìí lónìí, mo gbà pé ọkọ mi kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Ìwọ ti rí orúkọ rẹ gbà padà lọ́wọ́ mi, Trettin. Èmi wá ńkọ́, kí ni kí n gbé lọ sílé?"